Tí ọlọ́pàá bá ní òkú ló jẹ̀bi

Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù o, bọ̀dá mi. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹ ní ọlọ́pàá kọ ọ́ pé ìyàwó yín ló ṣàdédé já sójú títì, ẹ wá ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dojú kọ ọlọ́pàá ni àbí kẹ́ ẹ máa lé àtúnṣe títì kiri. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, àmọ́ ojú mi rí màbo nígbà tí ọkọ̀ pa àbúrò mi.

Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sáré lọ, ẹ̀rí kì í dúró deni. "Ó ṣàdédé já sójú títì" yẹn, ẹnu dírẹ́bà ló ti ń wá, ṣebí òun nìkan ló ṣẹ́ kù tó lè rojọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ ti àbúrò mi. Àwòrán tí wọ́n yà sínú ripọ́ọ̀tù, wọn ò fi trélà tí wọ́n páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìsọdá sí i, bẹ́ẹ̀ trélà yẹn gan-an ni ò jẹ́ kí dírẹ́bà àti ọmọ náà ríra wọn! Àmì táyà gbọọrọ wà nílẹ̀, ẹnì kan ò wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ tí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ibi tó máa fi bíréèkì wọ́ dé máa ń di ìlọ́po mẹ́rin, àmì yẹn ì bá ti tú àṣírí.

Kámẹ́rà àwọn ṣọ́ọ̀bù máa ń pa fídíò àtijọ́ rẹ́, ẹ lọ bẹ̀ wọ́n fúnra yín. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé ló ń tọ́jú iye eré tó ń sá kí airbag (báàgì tó máa ń wú jáde níwájú dírẹ́bà tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan) tó fọ́, ẹ kọ lẹ́tà kíá pé kí wọ́n má tíì dá ọkọ̀ náà padà fólówó ẹ̀.

Kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò títì yẹn bó ṣe wà báyìí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn tá a sìnkú tán ni wọ́n wá fọ̀dà funfun kun ibi ìsọdá tó ti pa rẹ́, ìgbà tá a dé kọ́ọ̀tù, ọ̀dà tuntun yẹn ni wọ́n ń fi hàn wá pé ibi ìsọdá ṣáà wà níbẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ fọ́tò tẹ́nì kan ti yà lọ́jọ́ náà gan-an.

Àmọ́ ẹ má gbà kí wọ́n fi ọ̀kan dí ìkejì. Tí wọ́n bá ti dírẹ́bà mọ́lé, títì tó fẹ̀ bíi pápá ọkọ̀ òfuurufú yẹn ṣì máa pa ẹlòmíì. Ní Sweden, àtọdún 1997 nilé aṣòfin wọn ti gbà pé àwọn tó ń ṣe títì náà lẹ́jọ́ í jẹ́. Oslo tó jẹ́ olú ìlú Norway dín eré kù, wọ́n kó ibi ìpáàkì kúrò láàárín ìlú, nígbà tó di 2019 ọkọ̀ ò pa ẹlẹ́sẹ̀ kankan níbẹ̀. Ẹ béèrè fún ibi ìsọdá tó ga bíi bọ́ǹpù, kí títì ṣe tóóró níbẹ̀, kí mọ́tò má páàkì sítòsí ẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ fi pátákó "Ẹ rọra" tán an, ẹ má gbà, ta ni pátákó dá dúró rí?

Ẹ̀sùn lórí ọlọ́pàá tó ṣèwádìí yẹn, ẹ má kọ èébú sínú ẹ̀, ẹ kọ ohun tí kò ṣe: ẹlẹ́rìí tí kò pè, ohun tí kò wọ̀n. Ẹ má gbé e lọ sí tésàn kan náà o, ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí ọlọ́pàá ni, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín pẹ̀lú déètì. Àwọn ẹlẹ́rìí ńkọ́, ṣé ẹ ti gba nọ́ńbà wọn?