Ṣé kí n ta fóònù tó ń gbóná?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé kí ẹ ta fóònù yín torí pé ó ń gbóná, tí kámẹ́rà rẹ̀ kò sì ríran lálẹ́. Ẹ má tà á o! Irú rẹ̀ gan-an lèmi náà ń lò. Bátìrì 5,000 mAh yẹn (mAh ni wọ́n fi ń wọn bí iná tí bátìrì lè gbà ṣe pọ̀ tó), bí NEPA bá múná lọ láàárọ̀, ó ń gbé mi dé ọ̀sán ọjọ́ kejì. Kámẹ́rà ńkọ́? Ìyàwó mi ló ń ya fọ́tò nílé wa.

Ní ti gbígbóná, ẹ bọ́ pouch rẹ̀ tí ẹ bá ń ṣáàjì, ẹ má sì kì í sábẹ́ ìrọ̀rí. Ooru máa ń tètè ba bátìrì lithium, irú èyí tó wà nínú fóònù, jẹ́. Àmọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ń wú, ẹ pa á, ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe lọ́jọ́ náà gan-an.