Ìbéèrè Yín: Ṣé Wisikí Tó Ń Rùn Bí Izal Ti Bàjẹ́ Ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Èkìtì kete ni mí, Adó níbí ni mo ń gbé. Ọkọ àǹtí mi gbé wisikí kan bọ̀ láti Scotland, wọ́n ní ti erékùṣù Islay ni, owó gọbọi. Bá a ṣe ṣí i báyìí, àfi òórùn Izal pẹ̀lú èéfín, bíi wọ́ọ̀dù ọsibítù. Bàbá mi ní ká dà á sí gọ́tà. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni àbí fèkì ni wọ́n tà fún wọn?

Ìdáhùn: Àbúrò, tètè lọ gbé ìgò yẹn pa mọ́ kí Bàbá tó dà á nù o! Òórùn yẹn kọ́ lẹ máa fi mọ fèkì, bó ṣe yẹ kó máa rùn gan-an nìyẹn.

Iná ló fà á. Ọkà báálì ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi kó hù díẹ̀, tó bá ti hù wọ́n gbọ́dọ̀ yára gbẹ ẹ́ kó má hù kọjá bó ṣe yẹ, iná tí wọ́n wá fi ń gbẹ ẹ́ lọ́rọ̀ wà. Píìtì ni wọ́n ń dá, ìyẹn koríko àtewé tó ti jẹrà sínú àbàtà láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, wọ́n á gé e jáde bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n á sá a gbẹ. Èéfín ẹ̀ á wá wọnú ọkà bó ṣe ń wọnú ẹja tí wọ́n yan lórí ààrò, ẹ fọ̀ ọ́ tì, ẹ sè é tì, kò ní kúrò. Inú èéfín yẹn ni kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní phenol wà, òun náà ni Dókítà Joseph Lister fi ń pa kòkòrò ojú egbò ní Glasgow lọ́dún 1865, torí náà imú yín ò parọ́ rárá.

Wọ́n máa ń ka phenol yẹn: nínú àwọn wisikí Islay, ọkà Ardbeg máa ń wà ní nǹkan bíi 55 nínú mílíọ̀nù, ti Octomore 8.3 lé ní 300. Ṣùgbọ́n ọkà ni wọ́n wọ̀n o, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìgò, púpọ̀ ti lọ kó tó dọtí, àgbá tó pẹ́ náà tún ń dín in kù. Ẹni tó bá ń fi nọ́ńbà yẹn ṣe yàngà fún yín, ẹ sáà máa wò ó.

Ẹ bu díẹ̀ péré, ẹ má kàn ki imú bọ gíláàsì torí ó kéré tán 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọtí inú ẹ̀, ẹ ya ẹnu díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ òórùn ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ kán omi sí i. Ní 2017 àwọn onísáyẹ́ǹsì méjì ní Sweden fi kọ̀ǹpútà ṣàyẹ̀wò ẹ̀, wọ́n rí i pé tómi bá wọ̀ ọ́, guaiacol, èyí tó ń mú òórùn èéfín wá, á sún mọ́ ojú ọtí, ibẹ̀ nimú ti ń bá a pàdé. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e mì, ẹ dúró díẹ̀, èéfín á kọ́kọ́ gba gbogbo ọ̀nà ọ̀fun, adùn ọkà á wá tẹ̀ lé e, pẹ̀lú iyọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ àti fanílà látara igi óòkù tí wọ́n fi ṣe àgbá ẹ̀. Adùn yẹn ni mo fẹ́ràn jù, ẹni tó bá da Coke lé e kò ní rí i láé, lójú tèmi ìyà ló fi ń jẹ ọtí.

Bàbá lè má fẹ́ ẹ títí láé o, ẹ má fipá mú wọn, ẹ fún wọn ní ẹmu. Kẹ́ ẹ sì gbé ìgò yẹn dúró, ẹ má fi sùn, ọtí líle máa ń jẹ kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dé ìgò.