Blue Pill tí kò jẹ́ ST-Link lóhùn mọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Mo fi ST-Link V2 (ẹ̀rọ kékeré tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ṣíìpù) kó firmware (kóòdù tí ṣíìpù ń ṣe) sórí Blue Pill, bọ́ọ̀dù kékeré tó ní ṣíìpù STM32F103C8T6, láti orí Linux. Ó wọlé, iná rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú. Ìgbà tí mo fẹ́ fi òmíràn sí i ni OpenOCD, ètò tí mo fi ń bá ST-Link ṣiṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ “unable to connect to the target”. Wáyà kankan ò sì kúrò níbi tó wà. Ṣé bọ́ọ̀dù náà ti jóná ni?

Ìdáhùn: Kò jóná. Ṣebí iná rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú? Firmware tí ẹ fi sí i gan-an ló tilẹ̀kùn mọ́ yín síta. Pin PA13 ni SWDIO, PA14 ni SWCLK: àwọn ni ìlà méjì tí ST-Link ń gbà bá ṣíìpù sọ̀rọ̀. Bí kóòdù bá ti pa ìlà méjèèjì yìí, ST-Link ò ní ibi tí yóò gbà wọlé mọ́. Bó bá jẹ́ STM32CubeMX, ètò tí a fi ń yan iṣẹ́ fún àwọn pin, lẹ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ẹ lọ sí SYS, kí ẹ wo Debug. Serial Wire ni kí ẹ yàn níbẹ̀, kí ẹ wá tún firmware náà kọ́. Ẹ má fo èyí o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ óò tún ti ara yín mọ́ta.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé jumper BOOT0 (ìdè kékeré orí bọ́ọ̀dù tó ń yan kóòdù tí ṣíìpù yóò fi bẹ̀rẹ̀) láti 0 sí 1, kí ẹ tẹ reset. Bootloader, ìyẹn kóòdù ìbẹ̀rẹ̀ tó ti wà nínú ṣíìpù láti ilé-iṣẹ́, ni yóò dìde, kóòdù yín ò ní ráyè fọwọ́ kan pin kankan. Ẹ wá tẹ àṣẹ yìí:

openocd -f interface/stlink.cfg -f target/stm32f1x.cfg -c "program firmware.elf verify reset exit"

Tó bá jẹ́ .bin ni fáìlì yín, ẹ fi 0x08000000 sẹ́yìn exit, nítorí .bin ò mọ ibi tí yóò balẹ̀ sí; .elf ló ń gbé àdírẹ́sì tirẹ̀ dání. Bó bá ti parí, ẹ dá jumper padà sí 0, ẹ tún tẹ reset.

Àwọn kan á ní kí ẹ so NRST, pin reset ṣíìpù, mọ́ RST ST-Link, kí ẹ máa wọlé nígbà tí reset ṣì di ṣíìpù mú. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ RST ara ọ̀pọ̀ ST-Link ayédèrú ò ṣeé gbọ́kàn lé. BOOT0 ni tèmi.

Bó bá wá jẹ́ pé “UNEXPECTED idcode: 0x2ba01477” (idcode ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ ṣíìpù) ni OpenOCD kọ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: kì í ṣe ST, ilé-iṣẹ́ tó ni STM32, ló ṣe ṣíìpù yẹn, ohunkóhun tí wọn ìbáà tẹ̀ sí i lára. 0x1ba01477 ni ti ST. Ẹ fi -c "set CPUTAPID 0x2ba01477" sáàárín -f méjèèjì, yóò gbà.