Ẹ Bi Wá Nípa Gọ́ọ̀fù: Ọrùn Ọwọ́ Tó Ń Ká Nídìí Chip

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáhùn ìbéèrè wa. Ìbàdàn ni mo wà, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, gọ́ọ̀fù ni mo sì fi ń najú. Mo máa ń gbá a dáadáa láti òkèèrè, àmọ́ tí bọ́ọ̀lù bá ti ku díẹ̀ kó dé gíríìnì, ibi tí koríko ti kúrú tí ihò wà, tí mo wá fẹ́ rọra gbá a débẹ̀, ìyẹn chip, wàhálà dé nìyẹn. Nígbà míì igi á kọ́kọ́ gbá ilẹ̀, bọ́ọ̀lù á kàn ta pọ́ún síwájú mi níbẹ̀, nígbà míì etí igi ló máa bà á, á sáré gba orí gíríìnì kọjá sínú igbó lódì kejì. Kádì mi, ẹni tó ń bá mi gbé àpò igi, ní ọrùn ọwọ́ mi ló ń ká, pé kí n dè é gírígírí kó má mì rárá. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó tún burú sí i. Báwo gan-an ló ṣe yẹ kí ọrùn ọwọ́ wà nígbà tí igi bá kan bọ́ọ̀lù?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé o, bàbá wa. Kádì yín rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, oògùn tó fún yín ni ò bá àìsàn náà mu.

Tó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń gbá (kí alọ́wọ́ òsì yí i padà), lásìkò tí igi bá kan bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn ọwọ́ òsì yín yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kó ṣe déédéé pẹ̀lú apá, kò gbọ́dọ̀ ká. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún á ṣì tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ọwọ́ méjèèjì á sì ti ṣíwájú orí igi díẹ̀, á sún mọ́ itan òsì. Tiyín, orí igi ti ń ya ọwọ́ yín sílẹ̀ kó tó dé ìdí bọ́ọ̀lù, ibi tó yẹ kó ti kan ilẹ̀ á wá bọ́ sẹ́yìn. Tó bá kanlẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ lẹ gbá yẹn, tí ò bá kanlẹ̀, ó ti ń lọ sókè kó tó bá bọ́ọ̀lù, etí ẹ̀ ló máa fi gbá a. Ṣé ẹ rí i pé àṣìṣe méjèèjì tẹ́ ẹ kà sílẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n?

Kí ló ń fà á? Ẹ fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù sókè fúnra yín, ṣe lẹ ń bù ú bí ìgbà téèyàn ń fi igbá bu omi. Bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ sand wedge lẹ dì mú, ìyẹn igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kúrò nínú iyanrìn, ojú ẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́yìn ní nǹkan bíi dígírì 56 látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é, òun ló máa gbé bọ́ọ̀lù, kò nílò ìrànlọ́wọ́ yín. Èkejì, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fura sí, àyà yín ń dúró. Tí àyà bá dúró, apá á dúró, àmọ́ orí igi tó ti ń sáré bọ̀ ò ní dúró ní tiẹ̀, ọrùn ọwọ́ nìkan ló wá kù tó máa gbà kọjá. Ìdí nìyẹn tí dídè é gírígírí ò fi ràn yín lọ́wọ́, ara líle ló mú wá, ara líle yẹn náà ló sì tún dá àyà dúró pátápátá.

Torí náà ẹ fi ọrùn ọwọ́ sílẹ̀ ná, ẹ bá ara wí. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra, kí bọ́ọ̀lù wà láàrin, kẹ́ ẹ gbé bí 60 sí 70 nínú 100 ìwọ̀n ara yín lé ẹsẹ̀ òsì, kó sì wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ má pà dà sórí ọ̀tún o. Ẹ rọra di igi mú. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ jẹ́ kí àyà yí títí táá fi kọjú síbi tí bọ́ọ̀lù ń lọ.

Ẹ wá má lọ ṣe é láṣejù, torí mo mọ àwọn tó gbọ́ pé kí ọwọ́ ṣíwájú, tí wọ́n tì í síwájú débi pé igi fẹ́ẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ igi síwájú ní dígírì 10, wedge 56 yẹn ti di 46, ìyẹn pitching wedge, igi tójú ẹ̀ ò tẹ̀ sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀, etí ẹ̀ tó mú á sì máa walẹ̀. Ikùn tó yọ nísàlẹ̀ wedge ló yẹ kó máa yọ̀ lórí ilẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, òun náà ni Gene Sarazen, agbágọ́ọ̀fù ará Amẹ́ríkà, wá tó fi jó òjé kún ìsàlẹ̀ igi ẹ̀, tó sì lọ fi gba ìdíje British Open lọ́dún 1932.

Fún ìdánrawò, ẹ mú igi méjì, ẹ dì wọ́n pọ̀ kí ọ̀pá ìkejì yọ sókè gba ẹ̀gbẹ́ òsì yín, kẹ́ ẹ wá máa ju ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ láìsí bọ́ọ̀lù. Tí ọrùn ọwọ́ bá ká pẹ́nrẹ́n, ọ̀pá yẹn á gbá yín légungun ìhà, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín. Tó bá ti ń kọjá láì fara kàn yín, ẹ gbé bọ́ọ̀lù síbẹ̀, kẹ́ ẹ lo igi kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ wá ki báírò bọ abẹ́ okùn aago ọwọ́ òsì, kó nà dé ẹ̀yìn ọwọ́: tọ́wọ́ bá ká, báírò á gún yín. Ìdánrawò nìkan o, òfin gọ́ọ̀fù ò gba irú ẹ̀ láàrin ìdíje.

Lásìkò ọyẹ́ tí ilẹ̀ le koránkorán, ẹ fi wedge sílẹ̀ tí ò bá sí nǹkan tó dínà, ẹ fi igi 8, tójú ẹ̀ ò tẹ̀ sẹ́yìn tó ti wedge, gbá a kó máa yí lọ nílẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kójú tì yín. Tiger Woods gan-an, chip dà á láàmú níbi ìdíje Phoenix ní Amẹ́ríkà lóṣù kìíní 2015, ìgbà 82 ló gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ iye tó kéré ló dáa nínú gọ́ọ̀fù, síbẹ̀ ó padà wá gba ìdíje Masters lọ́dún 2019.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Ìbejì ni mí, láti London. Tí mo bá fi ọwọ́ òsì sísàlẹ̀, ọ̀tún sókè, chip mi máa ń dáa, àmọ́ àwọn tá a jọ ń gbá a ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣé ó bófin mu?

ÌDÁHÙN: Ó bófin mu dáadáa, Ìyá Ìbejì, ẹ má dá wọn lóhùn. Bí Matt Fitzpatrick, agbágọ́ọ̀fù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba ìdíje US Open 2022 ní Brookline ní Amẹ́ríkà, ṣe ń chip nìyẹn. Ọwọ́ òsì tó wà nísàlẹ̀ kì í tètè ká, ìdí tó fi ń bá yín lára mu nìyẹn. Àmọ́ tí bọ́ọ̀lù bá jìn díẹ̀, tàbí tó ní láti fò kọjá ihò iyanrìn, agbára ẹ̀ kì í tó, ẹ padà di igi mú bẹ́ ẹ ṣe ń dì í tẹ́lẹ̀.