Pickup Wo Ló Yẹ Báàsì Olóòró Oníná?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Báàsì, ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ra báàsì olóòró oníná kan ní Èkó, tòkunbọ̀ ni, irú èyí tí kò ní àpótí, tó jẹ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ lásán. Wọ́n ti yọ pickup inú rẹ̀ lọ, ìyẹn ohun kékeré tó ń gba ohùn okùn kó tó lọ sí áńpù. Okùn dúdú mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀. Òde àríyá ni ẹgbẹ́ wa máa ń lọ jù, highlife àti jùjú la ń ṣe, mo sì tún máa ń ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọ̀gá kan tó ń tún gìtá ṣe ní kí n ra pickup olóòfà, ẹni tó ń tọ́jú míkísà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní pickup piezo ni kí n rà. Owó mi kò pọ̀, n kò sì fẹ́ ná an lẹ́ẹ̀mejì. Èwo ni kí n ṣe?
Ọmọ Láfẹ́nwá, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú oríire. Kí o tó ná kọ́bọ̀, wá òòfà kékeré kan. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò rẹ yóò yọ ọ̀kan fún ọ lára sípíkà tó ti bàjẹ́. Fi kan okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ wọn dáadáa, irin wà nínú wọn, ọ̀nà méjèèjì ṣí sílẹ̀ fún ọ. Bí kò bá lẹ̀, ọ̀rọ̀ olóòfà ti parí nìyẹn, àfi tí o bá máa ra okùn mìíràn, okùn báàsì olóòró kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà lówó pọ́ọ́kú. Má fi àwọ̀ dúdú yẹn dájọ́ o. Ọ̀rá dúdú ni wọ́n wé mọ́ òmíràn lára, irin ló wà nínú rẹ̀. Òmíràn sì wà tí òòfà kì í gbọ́ tirẹ̀ rárá.

Ìdí nìyí. Pickup olóòfà kì í gbọ́ igi. Irin tó ń gbọ̀n lójú rẹ̀ ló ń bí iná tó ń gba inú wáyà lọ, bíi ti gìtá báàsì gan-an. Piezo, ìtẹ̀ ló ń gbọ́. Bí nǹkan bá ń tẹ̀ ẹ́ tó sì ń tú u sílẹ̀, yóò máa mú iná díẹ̀díẹ̀ jáde. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ní ilẹ̀ Faransé, Jacques àti Pierre Curie, ló fi èyí han ayé ní 1880. Ọmọ bíńtín báyìí ni wọ́n ń fi há abẹ́ bridge, ìyẹn igi tí okùn gbà lórí kọjá. Irin ni okùn rẹ o, ìfun ẹran ni o, ọ̀rá ni o, piezo kò bèèrè.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o mọ ohun tí kò sí lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. O mọ àgídìgbo, tó jẹ́ pé òun ni báàsì wa kí gìtá báàsì tó dé. Yọ àwọn irin pẹlẹbẹ yẹn kúrò lórí àpótí rẹ̀, kàn wọ́n mọ́ pátákó lásán, kí o wá ta á. Ẹni tó jókòó tì ọ́ ni yóò gbọ́. Àpótí ló ń jẹ́ àgídìgbo. Báàsì tí o rà kò ní àpótí. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé pickup kan wà tí yóò mú ohùn báàsì ńlá oníkùn jáde lára igi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, má gbà á gbọ́. Ohun tí ò ń wá ni ohùn tó mọ́, tó nípọn nísàlẹ̀, tí kò fi ìka rẹ pamọ́. Àìní àpótí yẹn náà lóore tirẹ̀: lóde àríyá, bí sípíkà ṣe wù kó ké tó lẹ́yìn rẹ, báàsì rẹ kò ní tètè máa hu bíi ti oníkùn.

Ọ̀gá tó ní kí o ra olóòfà kò parọ́. Ohùn rẹ̀ máa ń le, gangan tó ń dún létí rẹ kì í sì í wọ inú rẹ̀. Àmọ́ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Báàsì olóòró àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, káfíńtà kan ní Àdàtán ló bá mi gé igi rẹ̀. Pickup gìtá báàsì ni mo gbẹ́ ihò fún lábẹ́ okùn. Okùn E àti G ń dún ketekete, A àti D dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń tú wáyà tí mo tún ń jó o pa dà kí ojú mi tó là. Orí bridge báàsì olóòró tẹ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá, kí ọrun tí wọ́n fi ń fa okùn lè ráyè kan okùn kan láìkan èkejì. Okùn àárín méjèèjì ga ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ. Pickup gìtá báàsì ní tirẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí náà àwọn okùn àárín jìnnà sí òòfà. Bí o bá fẹ́ olóòfà dandan, èyí tí orí rẹ̀ tẹ̀ bíi ti bridge, tàbí tí èèyàn lè fi ìṣó rẹ̀ gbé òòfà ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè, ni kí o wá.

Piezo ni èmi á ní kí o rà. Kí o sì pín owó rẹ sí méjì: ìdajì fún piezo, ìdajì fún preamp, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fún iná piezo lágbára kó tó dé míkísà. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o fetí sí jù, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń fi owó ṣòfò. Wọn á ra piezo olówó gọbọi, wọn á kì í bọ míkísà tààrà, ohùn á jáde bíi ti ẹ̀fọn, wọn á wá ní ayédèrú ni. Ó ti ṣe èmi náà rí, níbi ìgbéyàwó kan ní Ìbarà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀gá ẹgbẹ́ wa yíjú wò mí nínú orin kan ṣoṣo, mo sì ń fi gbogbo agbára ta okùn.

Iná tí piezo ń mú wá kò lágbára. Bí ibi tó wọ̀ bá ń fà á mu, ohùn ìsàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ. Okùn E rẹ máa ń gbọ̀n nígbà 41 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ká ní capacitance piezo rẹ, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́, jẹ́ 10 nanofarad. Bí o bá kì í bọ ojú míkísà tí input impedance rẹ̀, ìyẹn bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń dènà iná tó ń wọlé tó, jẹ́ 10,000 ohm, gbogbo ohùn tí gbígbọ̀n rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ nǹkan bíi 1,600 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò máa joro, bí ó bá ṣe lọ sílẹ̀ tó ni yóò ṣe joro tó. Bí o bá fi sínú preamp tó ní 1,000,000 ohm, ibi tí jíjoro ti ń bẹ̀rẹ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bíi 16, okùn E rẹ bọ́ nìyẹn. Piezo kékeré tí tirẹ̀ kò ju 1 nanofarad lọ, 10,000,000 ohm ni kó o wá fún un. Wọ́n máa ń kọ iye yìí sínú ìwé tó bá preamp wá. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè fi hàn ọ́, kúrò níbẹ̀.

Piezo tí a há sí abẹ́ ẹsẹ̀ bridge máa ń rọ̀, ó máa ń ṣókùnkùn díẹ̀. Èyí tó wà nínú ìyẹ́ bridge, ìyẹn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sún mọ́ okùn, ó máa ń fi ìka hàn. Fún jùjú, tí ìlù pọ̀, èmi á fi sí ìyẹ́. Má fi agbára há a o, fi sáńpépà fá igi náà títí yóò fi wọlé láìsí àáyè, láìsí ìpá.

O kò sọ fún mi bóyá o máa ń fi ọrun fà á. Bó o bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mọ̀ pé ìka àti ọrun kì í mi okùn sí ọ̀nà kan náà. Àwọn báàsì NS Design tí Ned Steinberger ṣe tiẹ̀ ní bọ́tìnì kan tí ń yí etí piezo láti ọ̀nà kan sí èkejì. Tìrẹ kò ní ní in, orí preamp ni wàá ti máa dín ohùn òkè kù bí o bá mú ọrun.

Ohun kan kù. Àwọn tó ń lu aṣọ àdìrẹ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìtòkú. Bí mo bá gbé báàsì onípiezo kalẹ̀, mo máa ń gbọ́ ìró igi wọn, gbì, gbì, nínú sípíkà. Ilẹ̀ ló gbà wọlé, láti ẹsẹ̀ irin báàsì. Mo gé ìsàlẹ̀ sílípáàsì rọ́bà kan, mo fi tẹ́ ẹ nísàlẹ̀, ó dákẹ́. Orí pèpéle onípátákó tí èèyàn ti ń jó, ìwọ náà yóò nílò rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Èmi ni olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Báàsì wa, olóòfà ni, ó máa ń kùn hùn-ùn. Bí ọmọ tó ń ta á bá ti fọwọ́ kan okùn, á dákẹ́. Wọ́n ní ká gé ẹsẹ̀ kẹta pílọ́ọ̀gì áńpù náà. Ṣé ká gé e?
Ìyá Akọrin, Aṣéró

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e. Ẹsẹ̀ yẹn ni iná máa gbà lọ sínú ilẹ̀ bí iná bá jò nínú áńpù. Bí ẹ bá gé e, ara ọmọ yẹn ni iná yóò gbà. Pé ó ń dákẹ́ bó bá fọwọ́ kan okùn fi hàn pé okùn ti so mọ́ earth, ìyẹn wáyà tó wọ ilẹ̀, àmọ́ kò sí nǹkan tó bo inú ihò pickup. Ẹ ní kí wọ́n fi bébà bàbà lẹ gbogbo inú ihò náà, kí wọ́n jó o mọ́ wáyà earth. Kí wọ́n wo ihò iná ara ògiri yín náà bóyá earth rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bó bá ṣì ń kùn, ẹ gbé e wá bá mi ní Ìtòkú lọ́jọ́ Sátidé, ẹ sì mú wáyà tí ẹ fi ń so ó mọ́ áńpù dání.