Ibi pẹlẹbẹ ni kí ẹ ti mú prog rock jẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè bí ẹ ṣe máa fa ọ̀rẹ́ yín wọnú prog rock, ìyẹn irú orin rock tó sábà máa ń gùn, tí ìlù rẹ̀ sì máa ń yí padà, tí ẹ sì ní "Supper's Ready" ti ẹgbẹ́ Genesis lẹ fẹ́ kọ́kọ́ gbé fún un, mo bẹ̀ yín, ẹ dáwọ́ dúró ná. Orin gidi ni, àmọ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 23 ni. Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí, ojú mi rí nǹkan.

Àbúrò mi ọkùnrin ni mo fi dán an wò. Mo ki earpiece bọ̀ ọ́ létí, mo tẹ "Close to the Edge" ti ẹgbẹ́ Yes, èyí tó jáde lọ́dún 1972. Ẹni tó bá mọ orin yẹn mọ̀ pé omi tó ń ṣàn àti ẹyẹ tó ń ké ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Ó wojú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé orin yẹn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?" Kí n tó dá a lóhùn, gìtá, béèsì àti ìlù ti ya lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bíi pé ìjà ṣẹlẹ̀ nínú yàrá. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kí Jon Anderson, akọrin wọn, tó gbé ẹsẹ kìíní. Àbúrò mi ò dúró dè é. Ó yọ earpiece, ó ní kí n má bínú, orí ń fọ́ òun.

Kì í ṣe gígùn orin nìkan ló lé e sá o. Ẹnu mi náà dá kún un. Bí orin ṣe ń lọ ni mo ń ṣàlàyé: pé orin kan yìí ló gba odindi ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù, pé dùùrù kan wà tí wọ́n ń pè ní Mellotron, tí téèpù wà fún bọ́tìnì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ pé téèpù náà á tán láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ. Ta ló bi mí?

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ, ibi pẹlẹbẹ ẹnì kan sì yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì. Ohun tí onítọ̀hún ti ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ lẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá mi kan níbi iṣẹ́, màmá jẹ́jẹ́ kan báyìí, fẹ́ràn Phil Collins bí ojú. Wọn ò mọ̀ rárá pé onílù Genesis ni Collins láti 1970, pé ìgbà tí Peter Gabriel, akọrin wọn, kúrò lọ́dún 1975 ló tó di pé òun ló ń léwájú nínú orin. Mo fún wọn ní "Ripples" látinú àwo A Trick of the Tail ti 1976. Orin náà tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n ti mọ̀ ni, wọn ò tiẹ̀ kíyè sí i pé ó gùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n pè mí: kí ló dé tí orin àkọ́kọ́ nínú àwo náà ń ṣe bí ẹni tí ẹsẹ̀ kan kúrú? Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Méje méje ni wọ́n ń ka ìlù "Dance on a Volcano", orin yẹn, etí wọn ló fúnra rẹ̀ bá a pàdé.

Bí ọ̀rẹ́ yín ò bá ní ààyò kankan tí ẹ lè fi mú un, ẹ lọ sórí "Money" ti Pink Floyd, 1973. Ẹ ní kó máa pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé ìró owó ẹyọ àti ẹ̀rọ owó tó wà níbẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń ka ọ̀pọ̀ orin rock, méje ni tibí yìí. Á pàtẹ́wọ́, á ṣì í, á rẹ́rìn-ín. Orí méje yẹn náà ni Dick Parry ti ń fọn saxophone. Bó bá wá kan gìtá David Gilmour, gbogbo wọn á bọ́ sí mẹ́rin, ẹ ó sì rí i tí orí ọ̀rẹ́ yín á bẹ̀rẹ̀ sí í mì láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un. Ẹ má ṣàlàyé o. Ẹ panu mọ́.

Ẹni tó bá ń gbọ́ metal, ìyẹn rock tó le gan-an, "Pull Me Under" ti Dream Theater ò ní dẹ́rù bà á.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé àwo ẹgbẹ́ King Crimson ti 1969 ló yẹ kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀, torí ó wà lára àwọn tó la ọ̀nà. Èmi ò gbà. Ohùn olórin inú orin àkọ́kọ́ yẹn ha bíi rédíò tó fẹ́ bàjẹ́, ẹ máa dẹ́rù ba ọlọ́rẹ̀ẹ́ ni. Ti Tales from Topographic Oceans, àwo Yes, kò sì yẹ ní sísọ: orin mẹ́rin péré ní rẹ́kọ́ọ̀dù méjì. Èmi tí mo fẹ́ràn Yes tó báyìí, mi ò tíì gbọ́ ọ tán lẹ́ẹ̀kan kí n má sùn.

Ìgbà tí ọ̀rẹ́ yín bá fẹnu ara rẹ̀ bèèrè èyí tó gùn, ẹ wá gbé "Supper's Ready" kalẹ̀. Apá méje ni wọ́n pín in sí, kò sí ẹni tó ní kó gbọ́ ọ tán lọ́jọ́ kan.

Ní ti àbúrò mi, ọdún méjì gbáko ni kò fi jẹ́ kí n ki nǹkan kan bọ òun létí mọ́. "Tom Sawyer" ti Rush ló pàpà mú un, orin tí kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ti ń gbọ́ Yes náà báyìí, àmọ́ "àwọn ẹlẹ́yẹ" ló ṣì ń pè wọ́n.