Kí ni Gita Gopinath ṣe gan-an, báwo ló ṣe kàn wá l'Àbújá?

Íńdíà ni wọ́n bí i sí, Princeton ló ti gba PhD ní 2001, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, kó tó wá di ọ̀gá àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní IMF, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó lágbàáyé, ní 2019, obìnrin àkọ́kọ́ nìyẹn. Àmọ́ ìwádìí ẹ̀ ló wù mí jù: ó ní dọ́là ni wọ́n fi ń ka owó ọ̀pọ̀ ọjà láàárín orílẹ̀-èdè, kódà tí Amẹ́ríkà ò bá sí níbẹ̀. Ẹ wo ìyá tó ń ta bàtà ní Wuse, Ṣáínà ló ti ń kó o wá, síbẹ̀ dọ́là ló wà lórí rìsíìtì ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye ẹ̀ lóṣù kẹfà 2023, tí dọ́là kan kúrò ní bíi ₦470 tó kọjá ₦700, owó bàtà gbówó lórí bẹ́ẹ̀ Ṣáínà ò fi nǹkan kan kún un.